Wo Àwọn Kùkùté Òpó Kí O Tó Gba Ìwé Wa Gbọ́

Ráfíátù, ọmọ mi àtàtà,

Salaamu alaekun. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ara wa le, a dúpẹ́. Àwọ̀n ń ya, a sì ń dì í. Ẹ̀yìn ń dun bàbá rẹ, ó sì ń jiyàn pé kò dun òun. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti ń jẹun gidi ní Àkúrẹ́ níbẹ̀, àbí tíì àti búrẹ́dì náà lo ṣì fi ń gbé ara ró?

Má jẹ́ kí àyà rẹ já nígbà tí o bá rí bí lẹ́tà yìí ṣe gùn tó. Kò sẹ́ni tó kú. Èmi ni ẹ̀rù ń bà, mo sì fẹ́ sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù kí n tó tún yí ọkàn pa dà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, bóyá o ti di irun ni mo bi ọ́, mo sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ tí o pè wá pé o ti ríṣẹ́, pé ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ni yóò máa yẹ iṣẹ́ àwọn aṣèwádìí ìgbèríko wò káàkiri etí òkun, pé ẹ̀yin ni yóò sọ bóyá ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, bàbá rẹ pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì sáré wá. Inú èmi náà dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ìgbà náà ni o wá ní, "Ìyé, abúlé wa náà wà níbẹ̀ o. Èmi gan-an ni màá ka ìwé yín." Mo ní kí o jẹ́ kí n máa lọ, pé ẹja ń jóná lórí ààrò. Kò sí ẹja kankan lórí ààrò.

Bọ́sẹ̀ ló máa gbé lẹ́tà yìí wá fún ọ. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń kọ ìwé ní abúlé kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá pàdé yín ní Ìgbókọ̀dà ní Ọjọ́bọ̀, òun ló sì ń kọ tiwa báyìí. Mo ti ra gọ́ọ̀mù. Màá lẹ àpò lẹ́tà náà pa dáadáa, màá tún fi ọ̀rá wé e, nítorí kò yẹ kí Bọ́sẹ̀ ka ohun tí mo fẹ́ sọ. Bó bá nà án sí ọ, má ṣí i lójú rẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Má wọ ọkọ̀ ẹ̀ńjìnì kankan láì wọ ẹ̀wù ìléfòó, kódà bí ọlọ́kọ̀ bá ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣebí ọmọ omi ni ọ́. Ọmọ omi wo? Ìwọ tí o máa ń bì kí ọkọ̀ tó kúrò létí afárá! Bí wọ́n bá ní kí ẹ gba ojú òkun kí ẹ lè tètè dé Abereke, sọ pé o kò lọ, kí ẹ gba ọ̀nà omi ẹ̀yìn. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, mo bá àwọn ọ̀rẹ́ mi wọ ọkọ̀ tó ti kún jù ní Zion Pepe, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ojo. Omi wọ inú rẹ̀ dé orókún wa. Garawa kan ṣoṣo la fi ń gbọ́n ọn títí a fi délé, mo sì ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní ojo lórí omi lè máa pè mí.

Èkejì, má béèrè ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà lójú rẹ. O mọ àwọn èèyàn wa. Àlejò dé, wọ́n á gbé àga tó dára jù síta, wọ́n á din ẹja tí wọ́n fẹ́ tà, wọn kò sì ní fẹ́ kí ó bínú lọ. Ọkùnrin kan wá láti ìlú ńlá nígbà kan, òógùn bò ó, bàtà rẹ̀ ti rin gbindin. Ó bi mí pé, "Màmá, ẹja ṣì wà dáadáa, àbí?" Mo ní, "Ó wà dáadáa, sà." Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí bàbá rẹ ń ti ojú omi bọ̀ lọ́wọ́ òfo. N kò fi irọ́ náà jẹ èrè kankan. Àánú ọkùnrin náà ló ṣe mí. Ó kọ "dáadáa" sínú ìwé rẹ̀, ó sì lọ. Nítorí náà, ibi tí wọ́n bá ti ń ṣa edé ni kí o jókòó sí. Bá wọn ṣa. Pa ẹnu mọ́ díẹ̀. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n sè lánàá, má bi wọ́n bóyá ẹja wà.

Ẹ̀kẹta, ìwé tó bá mọ́ jù, bẹ̀rù rẹ̀.

Èyí ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Mo kàn ń fi àwọn tó kù sá fún un ni.

O mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ìwé fún àwọn ẹgbẹ́ aṣèwádìí yìí ní abúlé wa. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ ní Òkìtìpupa lo ti ń lọ sílé ìwé nígbà náà. Wọ́n wá, wọ́n ní àwọn ń wá ẹnì kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí yóò máa ṣọ́ òkun, kí gbogbo ìwé náà lè pa pọ̀ sọ ibi tí omi ti ń jẹ ilẹ̀ jù. Èmi nìkan ni obìnrin tó ka ìwé mẹ́wàá níbí. Wọ́n fún mi ní ìwé ńlá kan tó ní èèpo búlúù. Iṣẹ́ náà kò le. Tí mo bá ti kírun ìdájí tán, kí n so okùn mọ́ òpó iwájú ilé, kí n nà án dé etí omi, kí n kà á, kí n kọ ọ́. Okùn àwọ̀n la lò. Bàbá rẹ ta kókó sí i ní ìwọ̀n apá kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń wọn àwọ̀n. Bí n bá kọ ogún, kókó ogún ló wà láàárín ilé wa àti omi.

Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ kò mọ̀ pé ilé wa máa ń rìn.

Ìwọ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abẹ́ ilé. Àwọn ọkùnrin á kó ara wọn jọ láàárọ̀, wọ́n á tú páànù, wọ́n á tú pákó, wọ́n á fa òpó tó bá ṣe é fà yọ, wọ́n á gé èyí tó bá kọ̀ láti yọ, wọ́n á sì lọ to gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti ń dáná nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé a kọ́ ilé tuntun. Ilé wa náà ni. Bí àlejò bá béèrè, a ó ní ibí la ti wà tipẹ́.

Ọdún kejì tí mo ti ń kọ ìwé ni a kọ́kọ́ gbé ilé sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, kókó mẹ́rin ni mo kọ. Ní ọjọ́ kejì, mo na okùn láti òpó iwájú ilé, ó di ogún. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ìlà méjì péré ló wà nínú ìwé náà, ti ọjọ́ àti ti kókó. Kò sí ibi tí èèyàn lè kọ ọ́ sí pé ilé ti ṣí. Mo bi bàbá rẹ léèrè bóyá kí n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Ó ní, "Ṣé ghan bi ọ́ ni?"

Wọn kò bi mí, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá rẹ ni mo fẹ́ di ẹ̀bi rù. Mo kọ ogún. Mo wá rí i pé ogún tó tẹ̀lé mẹ́rin yẹn burú lójú. Wọ́n á ní n kò mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ mi, ọkàn mi sì ti wà nínú ìwé náà jù. Kí ni mo ṣe? Mo ra irú ìwé yẹn mìíràn ní Ìgbókọ̀dà, mo jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì tún ọdún méjèèjì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ogún, mọ́kàndínlógún, ogún, mọ́kànlélógún. Ó mọ́, ó gún régé. Èyí tó jẹ́ òótọ́, mo dì í sínú aṣọ, mo sì fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí mi. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ìwọ báyìí.

Nígbà tó yá, àwọn kan wá yẹ iṣẹ́ wa wò, bí ìwọ náà ṣe ń bọ̀ wá ṣe é yìí. Ìwé àwọn abúlé tó kù, epo wà lára òmíràn, omi ẹja ti ba òmíràn jẹ́, àwọn kan ti fa igi sí i, wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́. Obìnrin kan gbé tèmi sókè lójú gbogbo wọn. Ó ní, "Ẹ wo ìwé! Ẹ wo bó ṣe mọ́! Omi kò sún níbí yìí rárá." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìborùn mi tó dára jù ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ráfíátù, mo mọ̀ pé irọ́ ni, síbẹ̀ inú mi dùn. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, èmi pàápàá ti ń gba ìwé náà gbọ́.

Ibi tó le nìyí.

O rántí Ìyá Bọ́sẹ̀, tó ń yan ẹja ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Kò ní ọkùnrin nílé, nítorí náà wọn kò tíì bá a gbé ilé tirẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìgbókọ̀dà ti ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ó sì ti di ẹrù rẹ̀. Ó wá bá mi níwájú ilé. Ó ní, "Ìyé Ráfíátù, ojú mi ní omi ti sún mọ́ ulé mi. Kí ni ìwé tìrẹ ní?"

Mo lè sọ òótọ́ fún un níbẹ̀. Ìwé òótọ́ wà nínú àpótí lẹ́yìn mi. Mo ṣí èyí tó mọ́. Mo fi ti ọdún tó kọjá hàn án, mo fi ti ọdún náà hàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé kà. Mo ní, "Bákan náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ojú mi ló ti ń gbó nìyẹn o." Ó lọ tú ẹrù rẹ̀. Ó yan ẹja nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì fi méjì ránṣẹ́ sí mi.

Ìyókù kì í ṣe tuntun létí rẹ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni òkun ru wọlé, tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwa náà kò sí nílé, tí òun nìkan dúró ti ẹja rẹ̀ lórí ààrò. Ilé àti ààrò lọ, òun náà lọ. O sunkún títí ojú rẹ fi wú. Ìwé mi lo kò gbọ́ nípa rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ jẹun nínú ìkòkò mi títí ó fi lọ sílé ọkọ. Ìyé ló ń pè mí títí di òní. Nígbà tí ojú mi kò ríran jìnnà mọ́, òun ló bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní ìwé náà. Ó ní, "Omi tó gbé ìyé mi lọ, mo fẹ́ máa ṣọ́ ọ." Mo kọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ, kì í pa ọjọ́ kan jẹ.

Ní òjò tó kọjá yìí, a tún gbé ilé sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn. Kókó mẹ́ta ló kù kí a tó gbé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ́sẹ̀ mú okùn dání, ó bi mí pé, "Ìyé, ṣé kí n kọ ọ́ pé a ti ṣí ulé?" Èmi kò ní ọgbọ́n láti béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́, òun ní in. Bí mo bá ní kó kọ ọ́, ó máa béèrè ibi tí mo kọ tèmi sí. Mo ní, "Ṣí ìwé tuntun. Bẹ̀rẹ̀ láti òpó tó wà nílẹ̀ yìí." Ó ṣí ìwé tuntun. Kókó mẹ́rìndínlógún ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kò sí ìdí láti kó lọ sí Ìgbókọ̀dà lọ́dún yìí. Ilé wọn, tí wọn kò tíì gbé sẹ́yìn, ló wà níwájú tiwa báyìí, òun àti ọmọ rẹ̀ kékeré méjì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Wọ́n ní lẹ́yìn àyẹ̀wò yín ni wọ́n máa mọ abúlé tí wọ́n máa kọ́kọ́ bá kó kúrò. Ìwọ yóò ṣí ìwé Bọ́sẹ̀. Yóò mọ́, yóò gún régé. Ìwọ yóò rí mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìndínlógún, márùndínlógún, ìwọ yóò sì kọ ọ́ pé tiwa lè dúró. Ọmọ tèmi ni yóò fọwọ́ sí i. N kì í lè jẹun tán tí mo bá rántí rẹ̀.

N kò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà mọ́. Kà á fúnra rẹ.

Bí o bá dé, wá nígbà tí omi bá fà. Dúró níwájú ilé wa, kí o wo inú omi. Ìwọ yóò rí kùkùté àwọn òpó tí kò ṣe é fà. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni wọ́n. Èyí tó jìnnà jù, tí àwọn ẹyẹ ń bà lé, ibẹ̀ ni mo ti bí ọ. Mú okùn tìrẹ dání, kí o wọ̀n láti ibẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ wọ̀n ọ́n, títí kan èmi.

Ní gbogbo abúlé tí o bá dé, láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Ayétòrò, má kàn béèrè pé kókó mélòó. Béèrè pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbé ilé?" Wọ́n á sọ fún ọ. Kò sẹ́ni tó fi pa mọ́. Wọn kò kàn bi wá rí. Ìwé tí epo wà lára rẹ̀, tí wọ́n kọ nǹkan wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, jókòó tì í dáadáa. Ẹni tó kọ ọ́ ń gbìyànjú láti sọ ohun tí ẹ kò fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Má sì torí mi sọ pé kí wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká. Àwọn tó ń jí láàárọ̀ ṣe é tọkàntọkàn pọ̀ jù mí lọ. Bí o bá dé ibi tí orúkọ mi wà, kọ ọ́. Má fi "ẹnì kan" rọ́pò rẹ̀.

Mo ní láti dá bírò dúró. Bọ́sẹ̀ ló wọlé.

Ó ti lọ. Okùn wà lọ́rùn rẹ̀, èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn. Láti ìta ló ti ń pariwo pé, "Ìyé, kókó mẹ́rìnlá! Àyè ṣì wà o!" Mo yára fi ìborùn bo lẹ́tà yìí. Ó bi mí léèrè ohun tí mo ń kọ, mo ní Ráfíátù ni mo ń kọ ọ́ sí. Ó ní, "Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní ìwé mi mọ́ bíi tiyín." Inú rẹ̀ ń dùn. Mo dá a lóhùn pé màá sọ fún ọ.

Mo tún lẹ́tà yìí kà láti òkè. Mo ní kí o sọ òótọ́ nípa mi fún gbogbo Àkúrẹ́, mo sì fẹ́ fi gọ́ọ̀mù pa á mọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀. Mo ti dé gọ́ọ̀mù náà pa dà. Mo ti lọ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ìwé òótọ́ náà ni màá fi sí abẹ́ lẹ́tà yìí, kò sì ní sí ọ̀rá, kò ní sí gọ́ọ̀mù. Màá sọ fún Bọ́sẹ̀ pé òun ni kó kọ́kọ́ kà á. N kò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀. Irú ojo tí mo jẹ́ níbí yìí kò dára, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bọ́sẹ̀, bó bá jẹ́ pé ìwọ lo ń ka ibí yìí, kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ méjèèjì dání wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Lẹ́yìn náà ni kí o bínú sí mi.

Ráfíátù, kí o tó dé ibí yìí, ìwọ ti rí ojú rẹ̀. Èmi kò tíì rí i. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ̀ wọn ń pa dà bọ̀. Màá ti wà lórí afárá pákó láti àárọ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ tó sì pè mí ní Ìyé, màá dáhùn. Bí kò bá pè mí, màá ṣì na ọwọ́ gba ẹrù rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ẹ̀rù ń bà,
Ìyé Ráfíátù.